Títọ́ Ọmọ Bí Ẹnìkọ̀ọ̀kan Wọn Ṣe Rí

Bí ẹ bá dé Igbó-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìlú tí òkìkí ìbejì ibẹ̀ ti kàn káyé, ẹ óò rí Táyé àti Kẹ́yìndé káàkiri ìgboro, nínú ọjà, nílé ìjọsìn, lọ́nà iléèwé. Aṣọ kan náà ni wọ́n sábà máa ń wọ̀ fún wọn, bàtà kan náà, irun kan náà. Àlejò tí kò bá fara balẹ̀ lè máa pe Táyé ní Kẹ́yìndé títí tí yóò fi kúrò nílùú. Ìyá wọn kì í ṣì wọ́n pè. Ó mọ èyí tó máa ń kọ́kọ́ jí láàárọ̀, ó mọ èyí tí kì í fẹ́ ata, ó sì mọ èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá jágbe mọ́ ọn pẹ́nrẹ́n, kò ní jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Oyún kan ni, ọmú kan náà ni wọ́n mu, síbẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ìwà Táyé, ọ̀tọ̀ ni ti Kẹ́yìndé.

Bí ọ̀rọ̀ ìbejì bá rí báyìí, kí la fẹ́ sọ nípa ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún wà láàárín wọn? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọwọ́ kan náà là ń fi mú gbogbo wọn. Ìbáwí tó ran ẹ̀gbọ́n là ń fi ran àbúrò, bí kò bá sì ràn án, a ó ní orí kunkun ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àròkọ yìí fẹ́ ṣàlàyé bí òbí ṣe lè tọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí, láìsọ ilé di ilé ojúsàájú, láìkẹ́ ọmọ kankan bà jẹ́.

Ohun tó jẹ́

Títọ́ ọmọ bó ṣe rí ni pé kí òbí kọ́kọ́ mọ ohun tí ara, ìwà àti òye ọmọ kan ń béèrè, kó tó pinnu ọ̀nà tí yóò gbà kọ́ ọ, bá a wí tàbí ràn án lọ́wọ́. Ara ni ìlera rẹ̀: ojú rẹ̀, etí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń jẹun. Ìwà ni èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn: ọmọ kan a máa tètè bínú, òmíràn a máa bẹ̀rù ojú tuntun, òmíràn kì í lè jókòó pẹ́ lójú kan. Òye ni bí ẹ̀kọ́ ṣe ń yé e sí: ẹnì kan á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn á fẹ́ kí wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n sì ṣe é lójú òun.

Ó yẹ ká ya àìní sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó kàn wu ọmọ. Ọmọ tó ń ké pé àfi kí òun máa wo fóònù kí òun tó jẹun, ohun tó wù ú ló ń sọ. Òbí lè kọ̀ fún un, kò sì ní sí aburú kankan. Ọmọ tó ń sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ́ kàn án, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò ríran dáadáa. Tí a bá jágbe mọ́ ọn pé kó sún sẹ́yìn, yóò sún sẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì là sí i.

Ẹ wo bí a ṣe ń rán aṣọ ẹbí. Ànkárá kan náà ni gbogbo ẹbí rà, ọjọ́ kan náà ni wọn yóò sì wọ̀ ọ́. Síbẹ̀ kò sí télọ̀ gidi kan tí yóò wọn ẹnì kan ṣoṣo, kó wá fi ìwọ̀n ẹni yẹn rán ti gbogbo ẹbí. Ànkárá náà ni òfin ilé: òtítọ́, ìkíni, iṣẹ́ ṣíṣe, ọ̀wọ̀ fún àgbà. Gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ rà á. Ìwọ̀n ni ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ wà.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Àwọn kan gbà pé ìwà òyìnbó ni kí èèyàn máa wo ìwà ọmọ kó tó tọ́ ọ. Àṣà wa fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Nílé Yorùbá àtijọ́, kì í pẹ́ tí a bá bímọ tán tí wọ́n fi ń gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo fún àkọsẹ̀jayé. Ohun tí wọ́n ń wádìí níbẹ̀ ni irú ọmọ tó wọlé, èèwọ̀ rẹ̀, àti ọ̀nà tí ayé rẹ̀ yóò gbà gún. Ìdáhùn ti ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ti àbúrò. Nínú ilé kan náà, ẹnì kan lè máa jẹ ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún ọmọ ìyá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò pè é ní ojúsàájú. Ẹ̀sìn ti yí padà nínú ọ̀pọ̀ ilé, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò tíì gbó.

Orúkọ àmútọ̀runwá náà ń rán ilé létí pé bí ọmọ kan ṣe wáyé kọ́ ni òmíràn ṣe wáyé. Ìgè mú ẹsẹ̀ wáyé, Òjó àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn, Dàda mú irun tó ta kókó wá, a kì í sì kàn gbé abẹ sí i lórí bó ṣe wuni. Ìdòwú tó tẹ̀ lé ìbejì, àwọn àgbà ti gbà pé orí rẹ̀ a máa le, nítorí náà wọ́n ti mú sùúrù sílẹ̀ dè é. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tún ní oríkì tirẹ̀, Àjàní, Àkànní, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, òun sì ni ìyá àgbà fi ń rọ ọmọ tínú ń bí lọ́kàn tí omijé rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Àwọn onímọ̀ náà wá rí ohun tó jọ èyí. Ní 1956, tọkọtaya oníṣègùn ọpọlọ kan ní New York, Alexander Thomas àti Stella Chess, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìwà àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n wà ní jòjòló, wọ́n sì ń bá a lọ títí àwọn ọmọ náà fi dàgbà. Wọ́n rí i pé ìwà ọmọ ti ń hàn kó tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Bíi 40 nínú 100 wọn ni kì í fún òbí ní wàhálà, tí wọ́n ń jẹun tí wọ́n sì ń sùn lákòókò. Bíi 10 ni kì í rọrùn láti tẹ́ lọ́rùn, tí igbe wọn máa ń le, tí oorun wọn kì í sì í ní àkókò. Bíi 15 ni kì í tètè sún mọ́ nǹkan tuntun, àmọ́ tí ara wọn máa ń balẹ̀ bó bá yá. Àwọn tó kù mú díẹ̀ nínú èyí, díẹ̀ nínú ìyẹn.

Ohun tó wúlò jù fún òbí nínú iṣẹ́ wọn ni ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí. Wọ́n ní ìwà tí wọ́n bí mọ́ ọmọ nìkan kò tó láti sọ bí yóò ṣe yọrí sí. Bí ọwọ́ àwọn tó ń tọ́ ọ bá ṣe bá ìwà náà mu tó ló ṣe kókó. Ọmọ tó nira lè di ẹni iyì lọ́wọ́ òbí tó ní sùúrù, ọmọ jẹ́jẹ́ sì lè bà jẹ́ lọ́wọ́ òbí tó rò pé kò nílò nǹkan kan.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni wíwo ọmọ. Kí òbí tó sọ pé "ọmọ yìí burú", kó fi ọjọ́ bíi mélòó kan kíyè sí i. Ìgbà wo ni ìwà náà máa ń wáyé? Ta ló máa ń wà níbẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀? Ọmọ tó ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ jà ní gbogbo ọ̀sán tó bá ti iléèwé dé, ó lè jẹ́ ebi àti oorun ló ń jà. Abọ́ ẹ̀bà kan àti oorun wákàtí kan lè parí ohun tí pàṣán kò parí látọdún yìí wá.

Ìgbésẹ̀ kejì ni yíyẹ ara wò. Ojú, etí, ẹ̀jẹ̀, aràn inú, eyín tó ń dunni: gbogbo wọn ló lè mú ọmọ ṣe bí ọ̀lẹ tàbí aláìgbọràn. Ọmọ tó máa ń ṣọyún létí lè má gbọ́ nígbà tí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn, wọ́n á ní ó ń dágunlá. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí òbí kọ́kọ́ lọ kó tó gbà pé ìwà ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni yíyí ọ̀nà padà láìyí òfin padà. Bí òfin bá ní gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ fọ abọ́ tó fi jẹun, gbogbo wọn ni yóò fọ̀ ọ́. Ọ̀kan lè gba àṣẹ lẹ́ẹ̀kan, èkejì lè nílò kí wọ́n dúró tì í fún ọ̀sẹ̀ kan títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni fífún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Ọmọ tó ń pariwo máa ń rí òbí gbà, ọmọ jẹ́jẹ́ kì í rí i. Ẹ wo àkọ́bí obìnrin nínú ọ̀pọ̀ ilé wa: ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, òun ló ń pọn àbúrò, òun ló ń gbọ́únjẹ kaná, òun ni wọ́n ń kígbe mọ́ bí kékeré bá ṣubú. Nítorí pé kì í ráhùn, a gbà pé kò sí ohun tó ń ṣe é. Kò dìgbà tí èèyàn bá rówó kó tó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyè. Kó bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà láìpọn ẹnikẹ́ni, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bọ̀, ìyẹn ti tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni ṣíṣàlàyé fún àwọn ọmọ yòókù. Bí a kò bá sọ ìdí tí a fi ṣe nǹkan kan fún ọ̀kan, àwọn tó kù á wá ìdí tiwọn. Ọ̀rọ̀ ṣókí tó: "Àbúrò yín kì í ríran jìnnà, ìdí nìyẹn tó fi ń jókòó níwájú." Ọmọdé a máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà ni kí òbí tún padà wò ó. Àìní ọmọ ọdún mẹ́rin kọ́ ni àìní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọmọ tó ń fẹ́ kí wọ́n dúró ti òun lánàá lè fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ lónìí, ohun tó sì ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá lè di ìdíwọ́ lọ́dún yìí.

Ọmọ méjì tó ń tọ̀ sílé

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù ni ọ̀ràn ọmọ tó ń tọ̀ sílé. Láyé àtijọ́, àti títí di òní láwọn àdúgbò kan, wọ́n á gbé ẹní tó tọ̀ sí rù ú, wọ́n á ní kó máa jó yí àdúgbò ká, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa kọrin èébú tẹ̀ lé e. Èrò àwọn tó ń ṣe é ni pé bí ojú bá tì í dáadáa, kò ní tọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti sùn kò mọ ìgbà tó tọ̀. Ohun tí èèyàn kò mọ ìgbà tó ṣe é, ìtìjú kò lè bá a wò ó.

Nínú ọmọ ọlọ́dún márùn-ún 100, bíi 15 ló ṣì ń tọ̀ sílé, ọkùnrin sì pọ̀ ju obìnrin lọ nínú wọn. Àwọn dókítà kì í tiẹ̀ kà á sí àìsàn kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún. Ó máa ń rìn nínú ìdílé: bàbá tó ń na ọmọ nítorí rẹ̀ lónìí, bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ìyá bàbá náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ pé òun náà ṣe é. Ohun mẹ́ta ló sábà ń fà á. Oorun ọmọ lè wúwo débi pé kò ní mọ̀ nígbà tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ bá kún. Àpò náà lè má tíì gba ìtọ̀ púpọ̀. Ẹ̀kẹta, ọpọlọ máa ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ lóru tó ń mú kí kíndìnrín dín ìtọ̀ kù. Lára àwọn ọmọ kan, èròjà yìí kì í tètè pọ̀ tó. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni gbogbo rẹ̀ ń tò, ọ̀pọ̀ ló sì ń jáwọ́ níbẹ̀ láìlo oògùn kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé ọmọ méjì ló ń tọ̀ sílé nínú ilé kan, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ara ọmọ ọdún mẹ́fà dá ṣáṣá. Kó máa mu omi dáadáa ní ọ̀sán, kó dín in kù lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kó lọ tọ̀ kó tó sùn. Kí wọ́n tẹ́ rọ́bà sábẹ́ ẹní rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, kó bá ìyá rẹ̀ sá ẹní náà sóòrùn láìsí èébú. Ohun tó kù, ọjọ́ orí ni yóò ṣe é.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, èyí tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ ń jẹ́ SS. Kíndìnrín ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lè dá omi dúró sára bíi ti ẹlòmíràn. Ìtọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀, ó sì máa ń tọ̀ sílé ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ìyá bá ní òfin kan ṣoṣo ni òun ṣe fún àwọn méjèèjì, tó sì gba ife omi lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ewu ńlá ni. Àìtó omi lára wà lára ohun tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ yìí ká kò, tí wọ́n á dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀, tí ìrora egungun á sì gbé e dìde lóru. Ọmọ yìí gbọ́dọ̀ máa mu omi tọ̀sán-tòru. Ohun tó yẹ kí ìyá rẹ̀ ṣe ni kó máa jí i lóru kó lè lọ tọ̀, kó sì gbà pé ẹní lè tutù láàárọ̀. Ìṣòro kan náà, ẹní kan náà tó tutù, àmọ́ ohun tó gba ọ̀kan là lè pa èkejì lára.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an, torí Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí jù lọ lágbàáyé. Bí ẹ bá kó ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin jọ, ẹ lè rí ẹnì kan nínú wọn tó jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tí kò ní àrùn náà ṣùgbọ́n tó lè gbé e fún ọmọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àrùn náà ló pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní àbíkú láyé àtijọ́, tí wọ́n ń fi abẹ sàmì sí lára kí wọ́n má bàa padà wá. Àwọn ọmọ yẹn nílò omi, ààbò lọ́wọ́ òtútù àti ibà, àti ìtọ́jú tó yẹ ara wọn.

Ẹ fi èyí kún un: bí ọmọ tí kò tọ̀ sílé mọ́ fún oṣù mẹ́fà bá ṣàdédé tún bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ bá ń ta á, tàbí tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ kòkòrò ló wọ ọ̀nà ìtọ̀, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó sì lè jẹ́ ohun kan tó ń dẹ́rù bà á tí kò lè sọ.

Onítìjú àti olóríkunkun

Àlejò wọlé. Ẹ̀gbọ́n ti dọ̀bálẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, mà." Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó di etí ìró mú, ojú kan ṣoṣo ló yọ síta. "Ṣé o ò ní kúnlẹ̀ kí wọn ni? Ta lo fìwà jọ gan-an?" Gbogbo ojú yí sí ọmọ, ìkíni tó ti fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sì pa dà wọlé.

Ìkíni kì í ṣe ohun tí a lè gbójú fò fún un nílé Yorùbá. Kíkí ni yóò kí i. Ọ̀nà ló yẹ kó yí padà. Kí ìyá sọ fún un ṣáájú pé, "Ìyá Ìbàdàn ń bọ̀ lọ́sàn-án o. Tí wọ́n bá dé, àwa méjèèjì la jọ máa kúnlẹ̀." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó bá kúnlẹ̀ láìlanu, kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ohùn á jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kí ìyá yìn ín lẹ́yìn tí àlejò bá lọ tán, torí ọmọ onítìjú kì í fẹ́ kí wọ́n yin òun ní gbangba. Yóò pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ ọ́n kí.

Ti olóríkunkun yàtọ̀. Bí ohùn òbí bá ṣe ń ga sí i ni tirẹ̀ náà ń ga. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí nǹkan bá òun lójijì, nítorí náà kí wọ́n kìlọ̀ fún un: "Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, a ó pa tẹlifíṣọ̀n." Kí wọ́n fún un ní ohun méjì kó mú ọ̀kan: "Ṣé abọ́ lo fẹ́ kọ́kọ́ fọ̀ ni àbí ilé lo fẹ́ kọ́kọ́ gbá?" Iṣẹ́ méjèèjì ni yóò ṣe, àmọ́ ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wọlé sí. Bó bá ṣẹ̀, kí wọ́n bá a wí níkọ̀kọ̀, torí lójú èrò, iyì ara rẹ̀ ni yóò máa jà fún, kò ní gbọ́ ẹ̀kọ́ náà rárá.

Ní iléèwé

Ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Bí méjèèjì bá dá, ó lè jẹ́ ìṣòro ìwé kíkà tí wọ́n bí mọ́ ọn: ọpọlọ rẹ̀ pé, ó mọ ìtàn sọ, ó mọ owó ṣírò lọ́jà, ṣùgbọ́n lẹ́tà inú ìwé kì í fẹ́ dúró fún un. Irú ọmọ yìí nílò ìkọ́ni díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà àti ìró rẹ̀ papọ̀, pẹ̀lú àfikún àkókò nígbà ìdánwò.

Ọmọ ọlọ́wọ́ òsì náà wà. Nínú èèyàn 100, bíi 10 ló ń lo ọwọ́ òsì. Àṣà wa kò fẹ́ kí ọmọdé fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kò sì sí ohun tó burú nínú kí ọmọ kọ́ ìyẹn. Bíbìkítà fún àṣà kò sọ pé kí wọ́n máa fi rúlà gbá a lọ́wọ́ bó bá fi òsì kọ̀wé. Kó fi ọ̀tún gba ẹ̀bùn, kó fi òsì di bírò mú. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ìwé náà sì tẹ̀ síwájú.

Èdè pẹ̀lú lè jẹ́ àìní. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó gbọ́ ọ dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, ti Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò sì bà jẹ́. Ọmọ tí ìṣirò kò yé lédè àjèjì lè má jẹ́ olódo rárá.

Fún ọmọ tí àìní rẹ̀ ju agbára olùkọ́ lásán lọ, àwọn iléèwé wà. Ní Sùúrùlérè nílùú Èkó, iléèwé Pacelli ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran láti 1962. Iléèwé Wesley ń kọ́ àwọn adití níbẹ̀ bákan náà. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan sílẹ̀ ní 1977 láti kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sì sọ pé ire ọmọ ni kó ṣíwájú nínú gbogbo ohun tó bá kàn án, ó sì fún ọmọ tó nílò ààbò àti ìtọ́jú pàtàkì ní ẹ̀tọ́ sí i. Fífi ọmọ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ sínú yàrá nítorí ojú ayé ló ń fi ẹ̀tọ́ yẹn dù ú.

Àwọn àṣìlóye tó wọ́pọ̀

"Ojúsàájú ni." Ojúsàájú ni kí òbí fún ọ̀kan ní ẹran méjì nítorí pé òun ló fẹ́ràn jù. Kó ra dígí ojú fún ẹni tí ojú ń dùn nìkan, ìdájọ́ òdodo ni. Bí àwọn tó kù bá ní àìní tiwọn, tí wọ́n sì rí i gbà, ilé náà dọ́gba.

"Àkẹ́bàjẹ́ ni." Ọmọ tí wọ́n kẹ́ bà jẹ́ ni ẹni tí wọ́n yọ òfin kúrò lórí rẹ̀. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tó wà lókè yìí, kò sí ibi tí wọ́n ti yọ òfin: onítìjú ṣì kí àlejò, olóríkunkun ṣì fọ abọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa, a ò sì kú." Òótọ́ ni fún àwa tó là á já. Àwọn tí kò là á já, tàbí tí wọ́n sá nílé tàbí tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀ nítorí pé wọ́n pè wọ́n ní olódo, kì í sí níbi tí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn.

"Olówó ló lè ṣe é." Dígí àti ìtọ́jú ń náni lówó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí a jí ọmọ lóru kó lọ tọ̀, kí a sọ fún un pé àlejò ń bọ̀, kí olùkọ́ gbé ọmọ tí kò ríran jìnnà síwájú kíláàsì, kò gba kọ́bọ̀.

"Bó ṣe rí nìyẹn, kò lè yí." Àṣìlóye yìí wá láti òdìkejì. Mímọ ìwà ọmọ kò túmọ̀ sí pé ká fi orúkọ kan lẹ̀ ẹ́ lára títí ayé. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní ojo lójoojúmọ́ yóò gbà pé ojo ni òun, yóò sì máa ṣe bí ojo. Àwọn àgbà ní orúkọ ń ro ọmọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ̀ ń bá wa wo ọmọ, iṣẹ́ yìí kò ju ojú tó ń ṣọ́ni àti sùúrù lọ. Ẹ mú òfin ilé yín dúró ṣinṣin, ẹ má ṣe fà á ya fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tún sọ fún ọmọ kan pé kó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo òun náà fúnra rẹ̀ dáadáa.